Iyùn Inú Ilé Gíláàsì

Ìgbín mẹ́tàdínlógún ló ti kú kí Màmá Kíṣìnì tó fẹnu kan nǹkan láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó fi àwọ̀n kékeré kó wọn nísàlẹ̀ táǹkì, ó ń kà wọ́n bó ṣe ń tò wọ́n sínú àwo ike. Nígbà tó ka èyí tó kẹ́yìn, ó jókòó sórí àpótí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń gùn tó bá fẹ́ nu gíláàsì, ó káwọ́ lérí. Ọjọ́ kejìlá rèé tí ẹ̀gbọ́n náà ti wà ní ọsibítù. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ la àyà rẹ̀ láti tún ọkàn rẹ̀ ṣe, ohun kan ṣoṣo tó sì ní kí wọ́n bá òun tọ́jú láyé yìí ló ń kú lọ lójú àbúrò rẹ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé táǹkì ẹja kékeré tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì nínú pálọ̀ là ń sọ. Táǹkì yìí gùn ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ, ó ga dé àyà àgbàlagbà, omi oníyọ̀ bíi ti òkun ló sì wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lítà. Ẹ̀gbọ́n Màmá Kíṣìnì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Onígíláàsì nítorí ogójì ọdún tó fi gé gíláàsì jẹun, ló fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Òun náà ló kọ́ ilé tó bò ó mọ́lẹ̀. Gíláàsì lókè, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ fèrèsé tí wọ́n yọ lára àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó, kò sì sí méjì tó dọ́gba nínú wọn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi iná mànàmáná tọ́ iyùn. Onígíláàsì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló ń lọ ra ìmọ́lẹ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn lọ́fẹ̀ẹ́?

Iyùn ni, kì í ṣe ẹja, ni olórí ohun tó ń sìn níbẹ̀. Àwa tá a mọ iyùn sí ohun tí wọ́n ń so sọ́rùn, ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé ẹ̀dá ẹlẹ́mìí ló ń kọ́ ọ, pé ó ń jẹun, pé ó máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí òdòdó tára bá tù ú, tó sì máa ń ká ara rẹ̀ kò tí nǹkan bá ń dùn ún. Màmá Kíṣìnì pàápàá kò mọ̀, títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fà á lọ́wọ́ wá síwájú táǹkì lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó wò ó títí. Ó ní, "Bọ̀dá, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́?" Ẹ̀gbọ́n ní wọn kì í jẹ ẹ́. Ó ní, "Ó dáa náà," ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ọkàn Onígíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò lọ sí ọsibítù kankan. Aya rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn ọmọ wà lókè òkun, ta ni yóò tọ́jú iyùn òun? Lọ́jọ́ tó ṣubú síwájú táǹkì, tí àbúrò rẹ̀ bá a nílẹ̀ tó ń mí gúlegúle, ó ṣì ń mi orí pé òun ò lọ. Ìgbà yẹn ni Màmá Kíṣìnì la ẹnu rẹ̀ tó ní, "Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ máa lọ. Èmi á bá yín tọ́jú wọn. Kò sí nǹkan tó máa ṣe wọ́n." Onígíláàsì wo ojú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nítorí gbólóhùn yẹn nìkan ló ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé òun.

Èèyàn rere ni Màmá Kíṣìnì, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ fún irínwó ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń sùn sí, kò sì sí ọmọ tó sùn lébi lọ́wọ́ rẹ̀. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Kò lè sọ ohun tí kò dùn mọ́ni sétí ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá bi í pé ṣé ìrẹsì ti jinná, "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, sà" ni yóò wí, bí iná ò tiẹ̀ tíì ràn lábẹ́ ìkòkò. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, títí ohun tó sọ yóò fi di òótọ́. Ọjọ́ pọ̀ tó di òótọ́. Ohun tó jẹ́ kó bá a dàgbà nìyẹn.

Onígíláàsì kọ ìwé sílẹ̀ fún un, ojú ewé mẹ́rin, ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà nítorí ojú àbúrò rẹ̀ tó ti ń ṣú. Ó kọ aago tí ẹja ń jẹun. Ó kọ bí wọ́n ṣe ń nu gíláàsì láìfi ọṣẹ kàn án. Ó kọ ọ́ pé oòrùn á máa fa omi lójoojúmọ́, kó máa fi omi kún un dé àmì pupa. Ibẹ̀ ni gbólóhùn náà parí sí. Bẹ́ẹ̀, àgbá méjì ló wà ní kọ̀rọ̀ ilé gíláàsì náà, funfun kan tí omi lásán wà nínú rẹ̀, àti búlúù kan tí wọ́n ti po iyọ̀ òkun sí. Lójú ẹni tó ti ń ṣe é fún ọdún méjìlá, kò sí ohun tí wọ́n tún ń béèrè níbẹ̀.

Màmá Kíṣìnì dúró sáàárín àgbá méjèèjì lọ́jọ́ kìíní, ó rò ó síwá sẹ́yìn. Ẹ̀dá òkun làwọn wọ̀nyí. Ṣé omi lásán lèèyàn á wá máa bù lé ẹni tí ń gbénú iyọ̀ lórí? Kò ní ṣe irú ahun bẹ́ẹ̀ sí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn. Ó bu ti búlúù, garawa mẹ́fà lóòjọ́. Nígbà tí àgbá náà gbẹ, ó ṣí ike iyọ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó po òmíràn, ó rò ó dáadáa bí ẹni ro ẹ̀kọ. Ọwọ́ rẹ̀ bó fún iyọ̀, kò kà á sí.

Ohun kan tún wà tí wọ́n fi ń wo bí iyọ̀ ṣe pọ̀ tó. Èèyàn á kán omi sí i, á gbé e sójú, á yọjú wò ó bí ẹni ń wo inú ihò kọ́kọ́rọ́. Ìwé ní kó máa wò ó lọ́jọ́ méjì méjì, kó sì kọ nọ́ńbà tó bá rí sínú ìwé àkọsílẹ̀. Màmá Kíṣìnì yọjú. Ó rí búlúù lókè, ó rí funfun nísàlẹ̀, ó rí àwọn nǹkan wínníwínní tó jọ ẹsẹ̀ èèrà. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún wò ó. Ó wá ṣí ìwé àkọsílẹ̀, ó rí i pé láti oṣù kan sẹ́yìn, márùndínlógójì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ síbẹ̀ léraléra. Òun náà kọ márùndínlógójì. Ó dùn ún wò bó ṣe tò tẹ̀léra wọn.

Lọ́jọ́ kẹta ló kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí ọjọ́ méjì péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn wọ wọ́ọ̀dù náà. Dókítà, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mà, ẹ má jẹ́ kí nǹkan kan da ọkàn wọn láàmú o. Kò gbọdọ̀ sí ariwo, kò gbọdọ̀ sí ìròyìn burúkú." Màmá Kíṣìnì bi í pé iṣẹ́ abẹ náà ńkọ́. Dókítà kò bò ó. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ọkàn wọn bá bàjẹ́ tó báyìí, ó ní, mẹ́fà ló ń jí. Nígbà tí Màmá Kíṣìnì padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí Onígíláàsì bi í pé kí ni dókítà ń sọ, ó ní, "Ó ní kékeré ni iṣẹ́ náà, Bọ̀dá. Ẹ ó dìde bí ẹni sun oorun ọ̀sán."

Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn iyùn ò tẹ́ra sílẹ̀. Oòrùn yọ, ìmọ́lẹ̀ wọlé láti orí òrùlé bó ti máa ń wọlé, wọ́n ká ara wọn kò bí ẹni tó ń bínú. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fóònù dún.

"Báwo ni wọ́n?" Ohùn Onígíláàsì ti tín-ín-rín.

"Wọ́n wà dáadáa, Bọ̀dá."

"Wọ́n ń tẹ́ra sílẹ̀?"

"Kí ni wọ́n á tún máa ṣe? Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ rẹrẹ."

"Ìyálé ńkọ́?" Ìyálé ni iyùn tó kọ́kọ́ wọ ilé yẹn. Kò ju orí àtàǹpàkò lọ nígbà tó dé, ó ti wá tóbi bí abọ́ ìfọṣọ. Onígíláàsì kì í jẹun àárọ̀ láìkọ́kọ́ lọ kí i.

"Ìyálé ní ká kí yín," ni Màmá Kíṣìnì wí. Onígíláàsì rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ẹ̀rín yẹn ló ba ayé rẹ̀ jẹ́, nítorí ta ló lè gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu aláìsàn kó tún wá sọ òótọ́ lọ́jọ́ kejì?

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ooru ni. Ilé gíláàsì, àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, kí ló tún máa jẹ́? Ó ṣí gbogbo fèrèsé òkè. Ó gun àkàbà lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, ó fi aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn bo apá kan òrùlé. Ó gbé fáànù méjì wá láti ilé rẹ̀, ó yá méjì sí i lọ́wọ́ aládùúgbò, ó kọjú gbogbo wọn sí omi, wọ́n ń fẹ́ yìì láti àárọ̀ di àárọ̀. Atẹ́gùn náà mú omi tutù lóòótọ́. Ó sì ń gbé omi lọ. Kó tó dọjọ́ keje, ó ti di garawa mẹ́jọ lóòjọ́ kí omi tó lè dé àmì pupa. Màmá Kíṣìnì ń po iyọ̀, ó ń gbé e, ó ń dà á, ẹ̀yìn ń ro ó, ó ń bẹ Ọlọ́run. Bó ṣe ń ṣe é tó ni wọ́n ń kú tó.

Lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í mí lẹ́mìí kíákíá, wọ́n ń gbé ẹnu sókè omi. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹja pupa rúsúrúsú tó máa ń tẹ̀ lé ọwọ́ èèyàn kiri lẹ́yìn gíláàsì dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò dìde mọ́. Lọ́jọ́ kẹwàá, àwọn iyùn tínrín tó dà bí ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun láti ìdí. Ní aago mẹ́rin, fóònù dún, ó gbé e, ó ní wọ́n wà dáadáa. Lẹ́yìn tó gbé e sílẹ̀, ó lọ bì sẹ́nu ọ̀nà.

Kí ẹ má sọ pé kò wá ìrànlọ́wọ́. Onígíláàsì kọ nọ́ńbà Ẹlẹ́ja sẹ́yìn ìwé náà, ọkùnrin kan tó ń ta ẹja òkun ẹlẹ́wà láàárín ìgboro. Àárọ̀ ọjọ́ kejìlá yìí, pẹ̀lú àwo ìgbín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Màmá Kíṣìnì tún pè é lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó sì gbé e. Màmá Kíṣìnì sọ fún un bí gbogbo wọn ṣe ń kú.

"Mà, ẹ má bínú, ìrìn àjò ni mo wà. Báwo ni ooru omi yẹn?"

"Ó wà níbi tí Bọ̀dá ní kó wà. Mo ti fi fáànù sí i."

"Ẹ ṣeun. Iyọ̀ ńkọ́? Mélòó ló ń sọ?"

Ojú Màmá Kíṣìnì lọ sí ìwé àkọsílẹ̀. "Márùndínlógójì," ó wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó wà nínú ìwé."

"Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ti iyọ̀ nìyẹn. Àfi kó jẹ́ àìsàn ló wọ̀ wọ́n. Ọ̀túnla ni mo máa dé, màá mú oògùn wá. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Ìyálé kú. Kò sí irú ẹ̀ nílùú yìí."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí Ìyálé. Ẹran ara rẹ̀ ti ń bó lápá òsì, ó ń ṣí kúrò bí awọ tòmátì tí wọ́n da omi gbígbóná lé, ó ń léfòó lọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Egungun funfun wà lábẹ́ rẹ̀. Màmá Kíṣìnì gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé gíláàsì. "Ẹ jọ̀ọ́," ó wí fún un, bí ẹni ń bẹ àgbàlagbà. "Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ má ṣe mí báyìí." Pọ́ǹpù ń kùn, omi ń yí, oòrùn ń tàn sórí gbogbo rẹ̀ dáadáa.

Kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ dójú tì í. Ó ti ìka bọ inú omi, ó tọ́ ọ wò.

Ẹnu rẹ̀ fún. Ó tu itọ́ sílẹ̀. Ó sáré lọ sídìí àgbá búlúù, ó tọ́ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò wò. Ó níyọ̀, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ti táǹkì rárá. Inú àgbá yìí ló ti ń bu omi lọ síbẹ̀, báwo ni ibi tó ń bù ú sí ṣe wá níyọ̀ ju ibi tó ti ń bù ú lọ? Ó dúró ní àárín méjèèjì. Ó wo òrùlé. Ó wo fáànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fẹ́ yìì. Ó wo omi tó ti lọ sílẹ̀ ní ìbú ìka mẹ́ta láti àná.

Ọbẹ̀ tó bá ń gbẹ lórí iná, omi rẹ̀ ló ń lọ. Iyọ̀ rẹ̀ kì í bá a lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ kíṣìnì rẹ̀ lánàá mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ tó ń bó iṣu fún un mọ̀ ọ́n. Ta ló ń bu omi oníyọ̀ sí ọbẹ̀ tó gbẹ? Òun, ọ̀gá alásè, ni ó bù ú fún ọjọ́ méjìlá, ó ń bù ú sórí èyí tó wà níbẹ̀, ó tún ń fi fáànù gbẹ ẹ́ kó lè ráyè bu òmíràn.

"Yéè! Mo gbé!" ni Màmá Kíṣìnì ké. "Èmi ni mo pa wọ́n! Ọwọ́ èmi yìí ni!"

Ó fa àgbá funfun, ó gbé garawa omi lásán sókè dé etí táǹkì kó tó ronú pé bóyá kò yẹ kó dà á bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó pe Ẹlẹ́ja, ó sì rojọ́ fún un láìmú èémí. Ti àgbá búlúù. Ti fáànù. "Nọ́ńbà tí mo sọ fún ẹ lẹ́ẹ̀kan, n kò rí i. Ojú mi ò gbé e. Mo kàn kọ ọ́ ni."

"Màmá," ni Ẹlẹ́ja wí, "ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ ó pa ìwọ̀nba tó kù. Ìdajì garawa ní wákàtí kan, omi lásán, ẹ máa bu oníyọ̀ kúrò tẹ́ ẹ bá ń bu ìyẹn sí i. Á tó ọjọ́ mẹ́rin."

"Ìyálé ńkọ́?"

"Ẹran ara ẹ̀ ti ń bó?"

"Apá kan ti bó tán."

"Ẹ gbàdúrà," ni Ẹlẹ́ja wí. Ẹni tó bá ń ta nǹkan tó wá ń ní kéèyàn gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tó ń tà.

Ó bu ìdajì garawa sí i láago mẹ́sàn-án, láago mẹ́wàá, láago mọ́kànlá, láago méjìlá. Ọjọ́ ìbẹ̀wò lèyí jẹ́, aago méjì sí mẹ́ta. Ọ̀la kò ní sí ìbẹ̀wò. Tí kò bá lọ lónìí, tí wọ́n bá la àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́la tí kò jí, kò ní rí i mọ́. Ó bu ti aago kan, ó fọ ojú, ó wọ aṣọ, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ náà dúró ní gbogbo iná pupa tó wà lójú ọ̀nà, Màmá Kíṣìnì sì ń tún ohun tó máa sọ sọ. Wọ́n wà dáadáa, Bọ̀dá. Ó ti sọ ọ́ títí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sí ìròyìn burúkú. Tó bá jí, wọ́n á jọ sunkún. Tí kò bá jí, ó ti lọ láìmọ̀. Kí ló tún dáa ju ìyẹn lọ?

Àjà kejì ni wọ́ọ̀dù náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ rẹ̀, òórùn oògùn gba ibẹ̀ kan. Onígíláàsì fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí méjì. Ó ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ fi dà bíi pé ó tóbi sí i, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

"O dé! Mo ti fọwọ́ sí ìwé wọn láàárọ̀ yìí. Mo ní kí wọ́n máa là á, kí n tètè padà sílé." Ó na ọwọ́ sí i. "Ìyálé ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, Bọ̀dá," ni Màmá Kíṣìnì wí, ó sì gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Onígíláàsì kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Ó yí i padà, ó gbé e sún mọ́ ojú. Àtẹ́lẹwọ́ ti sán gbẹrẹgẹdẹ, ìka ti bó, nǹkan funfun sì wà nínú gbogbo ojú ibi tó sán.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Kò sí nǹkan. Iyọ̀ ni."

"Iyọ̀? Kí lo ń fi iyọ̀ ṣe tó tó báyìí? Èyí tí mo pò sílẹ̀ nínú àgbá fún ọjọ́ tá a bá fẹ́ pààrọ̀ omi, mi ò ní kó o fọwọ́ kàn án." Ojú rẹ̀ kúrò ní ọwọ́, ó bọ́ sí ojú àbúrò rẹ̀. "Omi wo lo fi ń kún táǹkì?"

Ìbéèrè kan ṣoṣo. Kò tiẹ̀ ju gbólóhùn kan lọ. Màmá Kíṣìnì wo ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu.

"Ti búlúù," ni Onígíláàsì wí fúnra rẹ̀. Ó ń bá ara rẹ̀ ṣírò, ètè rẹ̀ ń mì. "Láti ọjọ́ kìíní?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

"Ìgbà wo ni wọ́n ká ara wọn kò?"

"Ọjọ́ kẹrin."

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ kẹrin."

"Ẹ bi mí."

"Mo ní ṣé wọ́n ń tẹ́ra sílẹ̀. Mo bi ọ́ lọ́jọ́ karùn-ún. Mo bi ọ́ lọ́jọ́ kẹfà." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ká ní o sọ pé rárá lọ́jọ́ kẹrin, ohun tí mo bi ọ́ báyìí náà ni ǹ bá bi ọ́. Wọn ì bá ti gbádùn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Iyọ̀ yẹn ò lè pa wọ́n láàárín ọjọ́ mẹ́rin."

Ẹkún gbọn Màmá Kíṣìnì. "Mo bẹ̀rù kẹ́ ẹ má kú ni. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ dà yín lọ́kàn rú."

"Ta ló ní?"

"Dókítà."

Onígíláàsì gbé ọwọ́ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ lórí aṣọ ìbora. Ó wo iwájú rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù síta ní ìlà aláwọ̀ ewé. Ìlà náà ti ń sáré. Nọ́ọ̀sì kan wò wọ́n láti ìdí tábìlì rẹ̀.

"O ní dókítà sọ pé kékeré ni iṣẹ́ náà," ni Onígíláàsì wí. "O ní màá dìde bí ẹni sun oorun ọ̀sán. Kí ló sọ?"

Màmá Kíṣìnì wo ìlà tó ń sáré yẹn. Ó wo nọ́ọ̀sì tó ti ń dìde. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ń sọ fún un pé kó rẹ́rìn-ín, kó ní Bọ̀dá, ẹ má da ara yín láàmú, kékeré ni. Gbólóhùn náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ó ní nínú ẹni mẹ́wàá, mẹ́fà ló ń jí."

"Mẹ́fà."

"Mẹ́fà, Bọ̀dá."

Nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wo ẹ̀rọ, ó di ọwọ́ Onígíláàsì mú, ó ní kí ìyá náà jọ̀ọ́, kó máa lọ. Màmá Kíṣìnì dìde. "Ṣé ẹ ó ṣì jẹ́ kí wọ́n ṣe é?" ó bi í.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ojú. "Mi ò tíì mọ̀," ó wí. "Tí mo bá mọ̀, màá pè ọ́, màá sì sọ ọ́ fún ẹ bó ṣe rí gẹ́lẹ́. Máa lọ sílé. Omi lásán, ìdajì garawa ní wákàtí kan o, má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Kò sọ fún un pé Ẹlẹ́ja ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá," ó mú báàgì rẹ̀, ó gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Omi aago méjì ti kọjá láìbù, ti aago mẹ́ta sì ti ń bọ̀. Ó di fóònù rẹ̀ mọ́wọ́ láti ibẹ̀ dé ilé.